Oboe pẹ̀lú ẹnì kejì kan péré, láìsí piano: orin wo, ìjókòó wo, ríìdì wo?

Afọnfèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ orin. Orin ẹlẹ́ni-méjì fún oboe, fèrè onígi tí a ń fi ríìdì abala méjì fọn, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Gbọ̀ngán ilé-ìwé ni a ó ti ṣeré, ó gba nǹkan bí ọgọ́rin èèyàn, ẹ̀rọ amúlétutù méjì sì wà lára ògiri rẹ̀. Oṣù Kìíní ni, nínú ọyẹ́. Piano tó wà níbẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ gan-an: A àárín rẹ̀ ń dún ní 430 hertz dípò 440, ẹni tó ń tún un ṣe sì ní òun ò lè fà á padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí okùn má baà já.

Àwọn tó wà nítòsí ni onígìtá kan (gìtá olókùn ọ̀rá, kì í ṣe ti iná), ẹni tó ń fọn bassoon (fèrè onígi olóhùn ìsàlẹ̀), ẹni tó ń ta cello, àti sopránò (obìnrin olóhùn òkè) kan tó mọ ìwé orin kà dáadáa. Ìṣẹ́jú 25 ni wọ́n fún wa. Ẹnì kan péré ni mo fẹ́ kó bá oboe ṣe orin kọ̀ọ̀kan. Oboe tó wà lọ́wọ́ mi kò ní kọ́kọ́rọ́ F ọwọ́ òsì. Ẹ jọ̀ọ́, orin wo ló wà tó yẹ irú èyí, ibo ni wàhálà rẹ̀ wà, báwo ni ká sì ṣe jókòó? Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni gìtá. Ṣé oboe ò ní bò ó mọ́lẹ̀?

Agbórinró

Ẹ gbàgbé piano yẹn pátápátá. Láti 440 sí 430 jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì 40, bẹ́ẹ̀ sẹ́ǹtì 100 péré ló wà nínú ìdajì ohùn kan. Oboe kò ṣeé fà sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ètè lè rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà á di fífẹ̀, kò ní lágbára mọ́. Bí ẹ bá sì fa ríìdì síta ní mílímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àyè á ṣófo nínú ihò ibi tó jókòó sí, àwọn nóòtù kan á máa gbọ̀n, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò sì ní bára mu mọ́ ní octave (nóòtù olórúkọ kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀). Bí ẹ bá rí kíbọ́ọ̀dù oníná tó dára tó ní kíì 88, ẹ lè fi ṣe Romance mẹ́ta ti Schumann, Op. 94, tó kọ ní 1849. Ẹ mọ̀ pé àwọn gbólóhùn inú èkíní gùn gan-an, àyè tí oboe lè mí níbẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ gìtá wàyí. Oboe á bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹ bá yan orin tó fi oboe sí ìsàlẹ̀. Kò ní bò ó bí oboe bá ń kọrin láàrin. Ihò oboe ń fẹ̀ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, ríìdì rẹ̀ sì jẹ́ abala méjì tó ń lu ara wọn. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹni tó ń fọn algaita àwọn Haúsá rí mọ bí irú ríìdì olójú méjì bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ké. Oboe rọ̀ ju algaita lọ, ṣùgbọ́n láti D abẹ́ ìlà márùn-ún wá sísàlẹ̀ dé B-flat, ohùn rẹ̀ máa ń nípọn, ó sì ṣòro láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láàrin G orí ìlà kejì àti A tó wà lókè ìlà márùn-ún ló ti lè rọ̀ dé ibi tí ìka onígìtá á fi gbọ́ra. Nítorí náà, kí ẹ tó gba orin kankan, ẹ fi ìka tọ ìlà oboe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi gbogbo tí wọ́n ti kọ *p* (jẹ́jẹ́) sí abẹ́ E ìlà àkọ́kọ́. Bí àmì yẹn bá pọ̀, orin náà kì í ṣe fún gìtá.

Àìsí F ọwọ́ òsì tún ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ìka kẹta ọwọ́ ọ̀tún ló ń tẹ kọ́kọ́rọ́ F, ìka kan náà ló sì ń dí ihò fún D, fún E-flat àti fún C ìsàlẹ̀. Níbi tí F bá ti tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn, ìka yẹn á ní láti yọ́ kúrò lójú ihò lọ sórí kọ́kọ́rọ́, a ó sì gbọ́ nóòtù kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ láàrin wọn. F oníka pàlàkà (forked F, tí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún gbéra sókè) ló kù fún yín níbẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣú. Ẹ wá orin tí dò rẹ̀ wà ní G tàbí D. F-sharp ló wà nínú wọn, wọ́n sì bá okùn gìtá mu gan-an.

Fún oboe àti gìtá gan-an, orin tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni *Le Montagnard*, Op. 34, ti Napoléon Coste. Ará Faransé ni, wọ́n bí i ní 1805, onígìtá ńlá lòun fúnra rẹ̀, ìyẹn ni apá gìtá rẹ̀ ò ṣe dà bí èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ piano. Ọ̀fẹ́ ni ìwé rẹ̀ lórí IMSLP, ibi àkójọ ìwé orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo "Café 1930" nínú *Histoire du Tango* ti Piazzolla (1986). Flute àti gìtá ló kọ ọ́ fún, nítorí náà níbi tí flute bá ti gòkè kọjá ibi tí oboe lè dé pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹ gbé odidi gbólóhùn náà sísàlẹ̀ ní octave kan, kì í ṣe nóòtù kan tàbí méjì tó ga jù nìkan. Bí ẹ bá gbé ìdajì gbólóhùn, orin náà á fọ́ sí méjì létí olùgbọ́.

Olóhùn-Ìsàlẹ̀

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Agbórinró, àmọ́ mi ò ní fi gìtá ṣe òpómúléró ètò yìí. Ẹ ní bassoon àti cello nílé! Àwọn wọ̀nyí kì í parẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti ta wọ́n tàbí fọn wọ́n tán, wọ́n lè gbé nóòtù dúró bí oboe ṣe ń gbé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn Invention olóhùn méjì ti Bach, BWV 772 sí 786 (nọ́ńbà wọn nínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀). Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún á lọ fún oboe, ọwọ́ òsì á lọ fún bassoon tàbí cello. Duru ayé ìgbà náà tí Bach ní lọ́kàn kò kọjá C méjì lábẹ́ C àárín, cello sì ní C yẹn gẹ́gẹ́ bí okùn rẹ̀ tó kéré jù, bassoon tún lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Lókè, oboe ò ní wàhálà. Nítorí ọ̀rọ̀ F yẹn, ẹ mú No. 3 (D), No. 10 (G) àti No. 15 (B mínọ̀), kí ẹ fi No. 4 tó wà ní D mínọ̀ sílẹ̀, torí F àti D ń pàdé níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ yẹ ìlà òkè wò dáadáa: ibi tó bá ti kọjá B-flat ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sókè.

Ibi tí Bach ti máa ń fìyà jẹ oboe ni èémí. Ọwọ́ kì í mí, nítorí náà ibi ìsinmi tó kọ kò tó nǹkan. Ojú ríìdì kéré débi pé afẹ́fẹ́ kì í tán nínú yín, ńṣe ló ń kún tó sì ń gbó síbẹ̀. Bí ẹ bá kàn ń mí sínú ní gbogbo àyè tó bá ṣí, àyà yín á há ní bar kẹjọ, ètè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ ya èémí sọ́tọ̀ sí méjì nínú ìwé: ọfà tó kọjú síta níbi tí ẹ ó ti tú afẹ́fẹ́ gbígbó jáde, ọfà tó kọjú sínú níbi tí ẹ ó ti gba tuntun. Nígbà mìíràn wọ́n á jìnnà sí ara wọn ní bar méjì. Kí ẹnì kejì náà kọ ọfà yìí sínú ìwé tirẹ̀, kó lè fẹ àkókò náà díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìbáramu ohùn náà yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì. Frẹ́ẹ̀tì (irin tó dábùú ọrùn gìtá) ti pín ìlà ohùn gìtá lọ́gbọọgba, oboe ni yóò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú cello, bassoon tàbí akọrin, ẹ lè mú ohùn dé ibi tó ti dákẹ́ rọ́rọ́. Bí cello bá di dò mú tí oboe sì wà lórí mì, kí oboe rẹ mì náà sílẹ̀ ní bíi sẹ́ǹtì 14. Bó bá jẹ́ minor third, bí i là sí dò, ẹni tó wà lókè á gbé e sókè ní bíi sẹ́ǹtì 16. Sòl lórí dò kò gbà ju sẹ́ǹtì 2 péré lọ. Ẹni tó ti kọ́ tonic sol-fa nínú kọ́ríà mọ ìró yìí létí kó tó mọ nọ́ńbà rẹ̀. Láti fi dánra wò, kí cello fi ọ̀pá ìfa-okùn (bow) fa okùn G gbọọrọ, kí oboe fọn B lé e lórí láìgbọn ohùn, kó sì rọra máa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí ìlù kékeré tó ń lù láàrin ohùn méjèèjì yóò fi dáwọ́ dúró.

Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tó le tí wọ́n kọ fún oboe àti bassoon ní pàtó, Duo ti Villa-Lobos, ará Brazil, wà níbẹ̀, 1957 ló kọ ọ́. Ó le fún àwọn méjèèjì, ẹ má fi sí ètò bí ìdánrawò yín kò bá tó nǹkan. Àwọn Duo mẹ́ta WoO 27 tí wọ́n ń fi orúkọ Beethoven pè (àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá òun ló ni wọ́n) jẹ́ ti clarinet àti bassoon, clarinet sì ń lọ sí ibi tí oboe kò ní. Ẹ̀dà tí wọ́n ti tún kọ fún oboe ni kí ẹ wá.

Ọ̀rọ̀ kan nípa bassoon: nígbà tó bá gòkè tí oboe sì sọ̀kalẹ̀ tí wọ́n fi pàdé yí C àárín ká, bassoon wà níbi tí ohùn rẹ̀ ti tinrín, oboe sì wà níbi tí ohùn rẹ̀ ti nípọn jù. Níbẹ̀ ẹ pa àmì tí wọ́n kọ sínú ìwé tì. Kí oboe fọn *p* níbi tí wọ́n kọ *mf* (ohùn àárín, kò rọ̀ jù, kò sì ké jù) sí.

Sopránò-Òkè-Odò

Ẹ̀yin ará, ẹ ò sọ̀rọ̀ nípa akọrin rárá. *Ten Blake Songs* ti Vaughan Williams, 1957, ohùn kan àti oboe kan, kò sí ohun mìíràn. Fíìmù kan nípa William Blake ló tìtorí rẹ̀ kọ wọ́n. Sopránò tàbí tẹ́nọ̀ ló lè kọ ọ́. Nínú mẹ́wàá, ẹ̀kẹrin, ẹ̀kẹfà àti ẹ̀kẹsàn-án jẹ́ ti ohùn nìkan láìsí oboe, ìyẹn sì wúlò fún yín gan-an, torí ètè tó ti ń rẹ̀ á sinmi níbẹ̀. Ẹ lè yan mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé akọrin tó wà lóun nìkan máa ń rọra sọ̀kalẹ̀, ó sì lè má mọ̀. Bí oboe bá wá wọlé nínú orin tó tẹ̀lé e, gbogbo gbọ̀ngán ló máa gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Kí akọrin mú irin atúnhùn kékeré (tuning fork) dání, kó fi kan egungun ẹ̀yìn etí kó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí dára ju kí oboe máa fún un ní nóòtù lójú àwùjọ. Kí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí mítà kan ààbọ̀ síra, kí ẹnu oboe sì kọjú sí àwùjọ, kì í ṣe sí etí akọrin. Níbi tí méjèèjì bá ti wà lórí nóòtù kan náà, kí oboe má gbọn ohùn. Ìgbọ̀nhùn méjì tí kò bára mu máa ń dà bí àìbáramu ohùn.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi orin ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá kan kún un, kí oboe má ṣe kọ orin náà tẹ̀lé akọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí oboe wọ àlàfo òpin ìlà kọ̀ọ̀kan.

Afọnfèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, mo dúpẹ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Onígìtá wa wo ìwé Coste, ó ní àwọn nóòtù kan wà níbẹ̀ tó lọ sísàlẹ̀ ju okùn òun lọ. Ṣé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni? Ìkejì, ṣé kí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú gìtá?

Okùn-Mẹ́fà

Kì í ṣe àṣìṣe. Gìtá olókùn méje ni Coste ń lò, okùn keje yẹn wà lábẹ́ E. Ohun tó rọrùn jù ni kí onígìtá yín rẹ okùn kẹfà sílẹ̀ láti E dé D, á rí D gbà láìṣẹ́. Nóòtù tó bá tún lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ, kó gbé e sókè ní octave kan. Kó ránti pé gbogbo nóòtù tó kù lórí okùn kẹfà ti sún síwájú ní frẹ́ẹ̀tì méjì, kó kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé.

Nípa gbohùngbohùn, fún ọgọ́rin èèyàn, rárá. Ẹ fi ìjókòó tún un ṣe. Gìtá ń sọ̀rọ̀ láti ojú pákó rẹ̀, nítorí náà kó kọjú sí àwùjọ tààrà, ní iwájú. Ohùn oboe ń jáde láti inú àwọn ihò tó ṣí, nóòtù ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gba ẹnu rẹ̀ jáde ní pàtàkì. Kí oboe dúró ní apá ọ̀tún onígìtá, ìdajì mítà sẹ́yìn rẹ̀, kó yí ara sí i díẹ̀ kí wọ́n lè rí èjìká ara wọn. Ẹ má fi ògiri líle sẹ́yìn oboe. Ẹ fi í sẹ́yìn gìtá, á ran ohùn rẹ̀ lọ́wọ́. Kí pákó ilẹ̀ abẹ́ gìtá wà láìsí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá gbọ̀ngán bá sì gbà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí gìtá bá ń ṣeré, ariwo rẹ̀ gan-an ló máa ń gbé gìtá mì ju oboe lọ.

Láti mú ohùn bára mu: oboe kọ́kọ́ gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fọn A. Onígìtá fi ìka kan okùn A rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lójú frẹ́ẹ̀tì 5, láìtẹ̀ ẹ́, ó ta á. Ohùn tó jáde níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin 110, ìyẹn 440 gẹ́lẹ́, octave kan náà pẹ̀lú A oboe. Èyí ló jẹ́ kó rọrùn ju fífi okùn lásán wé e. Lẹ́yìn náà kó tún okùn tó kù ṣe láti ara rẹ̀, kí wọ́n sì jọ yẹ G àti D wò papọ̀. Okùn tuntun ń fà fún ọjọ́ mélòó kan, kó pààrọ̀ wọn ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ ìṣeré.

Agbórinró

Ọyẹ́ àti amúlétutù nìkan ló kù láti sọ, òun ló sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Igi dúdú ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pọ̀ oboe, *Dalbergia melanoxylon*, mpingo ni wọ́n ń pè é ní Tanzania. Igi tó le ni, síbẹ̀ ó máa ń là. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti fa omi kúrò lára rẹ̀, ẹ wá tú èémí gbígbóná olómi sínú ihò tóóró. Inú rẹ̀ á wú nígbà tí ìta ṣì tutù, igi á sì là, ní abala òkè ní pàtàkì, ní ibi àwọn ihò kékeré ti kọ́kọ́rọ́ trill (fífi nóòtù méjì ṣe pàṣípààrọ̀ kíákíá). Ẹ gbé àpótí rẹ̀ wọ gbọ̀ngán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ fi abala òkè sí abẹ́ apá títí kò fi tutù mọ́ lọ́wọ́, kí ẹ tó fọn ún. Ẹ má fẹ́ èémí gbígbóná sínú rẹ̀ láti fi mú un móoru, ohun tí a ń sá fún gan-an nìyẹn. Nínú àpótí, ẹ fi ohun tó ń mú ọ̀rinrin wà, kó wà láàrin 45 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohùn fèrè ń sọ̀kalẹ̀ ní bíi sẹ́ǹtì 3 fún dígírí Celsius kọ̀ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tutù. Nítorí náà oboe tó sinmi fún orin kan gbáko lábẹ́ amúlétutù á wọlé ní ìsàlẹ̀. Ẹ di í mú mọ́ra nígbà ìsinmi, ẹ má gbé e sórí ìdúró rẹ̀.

Ríìdì: ẹ mú mẹ́ta wá, ẹ rẹ méjì. Omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ nínú ike kékeré, ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, ó tó. Bó bá pẹ́ jù, á ṣí jù, á wúwo lẹ́nu. Fún gìtá, ẹ lo èyí tó rọrùn jù, tí ojú rẹ̀ pa dé díẹ̀. Fún bassoon àti cello, èyí tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ríìdì bá wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn tí oboe ti gbóná, ẹ gé orí rẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un fọn wò. Gígé á gbé ohùn sókè, á sì mú un le sí i, nítorí náà ẹ lè ní láti tún orí rẹ̀ fá. Bí nóòtù kan bá ṣàdédé ń hó bí omi, omi ti wọ ihò kékeré kan ni. Ẹ fi ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé sìgá sábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ má fà á nígbà tó ṣì wà ní títẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé orin: Schumann, Coste àti Bach ti bọ́ lábẹ́ òfin àṣẹ-ẹ̀dà. Villa-Lobos kú ní 1959, Vaughan Williams ní 1958, Piazzolla ní 1992. Ọdún 70 lẹ́yìn ikú ni òfin Nàìjíríà sọ, ẹ ra tiwọn. Ẹ tètè béèrè, torí ìwé láti òkè òkun lè pẹ́ kó tó dé, ìwé Vaughan Williams sì ni akọrin yín nílò ṣáájú gbogbo yòókù.